Ẹni Tí Yóò Gún Ni Lábẹ́rẹ́: Iyèméjì Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera Láti Ìgbà Ṣọ̀pọ̀ná Títí Dé Ìgbà Kòrónà

 Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ti ọdún yìí, ohun tí ó ní lọ́kàn ni ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe tẹ̀dó sí Sabon Gari ní Kánò níbí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń jẹ mí lọ́kàn. Kò sí ìpàdé tí a kì í dúpẹ́ fún òbí kan tí ọmọ rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò máa gún àwọn ọmọ-ọmọ wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tí àwọn fúnra wọn gbà gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ náà ńkọ́, ṣé a ti bi wọ́n rí? Èmi kò bi ọmọ tèmi títí di ọdún 2021, ìdáhùn tí ó sì fún mi kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

N kì í ṣe dókítà o. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n mo lo ọdún 11 nínú ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní apá Òkè-Ọya yìí, èmi ni mo sì ń tọ́jú fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn àgbà wa kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ gbàgàdà. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn mú ganrínganrín. Ìgbóná kì í mọ ọlọ́rọ̀ yàtọ̀ sí tálákà. Ẹni tí kò pa, ó lè gba ojú rẹ̀, tàbí kí ó fi àpá sí i lójú títí ayé. Láti 1796 ni Edward Jenner ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tí a bá fi oje ìgbóná màlúù bù lápá kì í kó ìgbóná ènìyàn mọ́, nítorí náà oògùn rẹ̀ ti wà kí ìjọba òyìnbó tó fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Oògùn wà, àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹ.

Ní Freetown ni wọ́n bí Dókítà Oguntola Sapara ní ọdún 1861, ọmọ Iléṣà sì ni bàbá rẹ̀. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kí ó tó padà sí orúkọ ilé baba rẹ̀. (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ Nàìjíríà tí ó di lọ́yà. Ilé kan ló bí àwọn méjèèjì o.) Ó kàwé ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, ó sì wọ iṣẹ́ dókítà ìjọba ní 1896. Ọ̀dọ́mọdé dókítà tí ìwé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ yìí ì bá jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní òpè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná lọ ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ohun tí ó bá bọ̀ ni pé àwọn kan nínú àwọn àwòrò ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń sin òkú rẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń kó ẹrù olóògbé lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà ní 1917.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fẹ́ràn òfin yẹn, wọ́n ní òyìnbó ló fẹ́ ba àṣà wa jẹ́. N kò ní bá wọn jiyàn níbí. Ohun tí mo mú nínú ìtàn Sapara ni pé ó kọ́kọ́ lọ wádìí ohun tí ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù kí ó tó sọ fún wọn pé kí wọ́n na apá. Òun kan náà ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ewé àti egbò àwọn oníṣègùn wa. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e kò fi ara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn bàbá wa wà ní kékeré, àwọn wolé-wolé ni wọ́n ń fi ipá mú ènìyàn wá fún bíbupá, bí wọ́n bá sì ti gbúròó wọn, gbogbo ilé á sá lọ sí oko.

Ní 1967 ni ó kàn mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ní ìlú wa ní ìhà Ọ̀ṣun. Wọ́n tò wá ní ìlà ní iwájú ilé-ìwé, ohun tí wọ́n sì gbé wá, ìbọn ni! Ìbọn tí wọ́n so mọ́ ohun kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, agbára tí ó fi ń ti oògùn jáde ni ó fi ń gba awọ ara wọlé. Àwa ọmọdé kò mọ èyí. Àwọn ọmọ kan ti bẹ́ gba ojú fèrèsé sá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di ìbọn náà mú, n kò rò pé ó ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi àpá tirẹ̀ hàn wá, ó sì ní kí ẹni tí ó wà níwájú fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí ni ìlà wa tún tò. Àpá tèmi ṣì wà ní èjìká òsì mi títí di òní.

Nígbà tí mo dé yunifásítì ni mo mọ̀ pé ohun ńlá ni a wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ìparí 1966, ní agbègbè Ogoja, Dókítà William Foege ará Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé oògùn tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò lè kárí gbogbo ènìyàn. Wọ́n wá wá ilé tí àrùn náà wà kàn, wọ́n sì gún àwọn tí wọ́n yí aláìsàn ká. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ní ilẹ̀ wa yìí ni wọ́n lò ní àwọn ibòmíràn lágbàáyé. Oṣù karùn-ún 1970 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ìgbóná ṣe ní Nàìjíríà, ní oṣù karùn-ún 1980 sì ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá láyé.

Ẹni ìkẹyìn tí ó kó o láti ara ènìyàn ní gbogbo ayé, ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ali Maow Maalin ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 23 ní ìlú Merca ní ilẹ̀ Sòmálíà. Ọ̀sìbítù ni ó ń ṣiṣẹ́, alásè ni níbẹ̀, ó sì ti bá wọn ṣe iṣẹ́ abupá fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1977, ọkọ̀ tí ó gbé àwọn ọmọ méjì tí ìgbóná ń ṣe dé, ó sì wọlé sínú ọkọ̀ náà láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó kó o. Òun fúnra rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ náà, nítorí, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ìrora rẹ̀ ń bà á. Ẹni tí ó ti bá wọn bu àwọn ẹlòmíràn lápá! Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Nígbà tí ó dàgbà, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ pólíò ní Sòmálíà, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó sì ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn òbí tí wọ́n ń ṣiyèméjì. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó wà tí ibà fi pa á ní 2013. Mo ti ka ìtàn ọkùnrin yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń mú mi rántí ara mi.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti 1979 ni ìjọba wa ti bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún gbogbo ọmọdé, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sì jẹ́ mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, ètò náà múlẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn tí ó lọ, ó rọ̀. Ní Kánò, ohun mìíràn tún dá kún un. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau pa ọmọ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ apoògùn kan láti Amẹ́ríkà wá dán oògùn rẹ̀ wò lára 200 ọmọ, 11 nínú wọn kú. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀, ọdún 2009 ni wọ́n tó fi àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn ni o, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú?

Nítorí náà nígbà tí ìròyìn tàn kálẹ̀ ní 2003 pé wọ́n ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ sínú oògùn pólíò tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, ilẹ̀ ti rọ̀ fún un láti hù. Àwọn ará Gúúsù máa ń sọ pé àìmọ̀wé ló fà á. Irọ́ ni. Dókítà Datti Ahmed, tí ó ṣíwájú àwọn tí wọ́n kọ oògùn náà, dókítà ìṣègùn ni. Ọ̀mọ̀wé nípa oògùn láti yunifásítì kan ni ó gbé e lọ sí Íńdíà láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì padà wá sọ pé òun rí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ nípa ìlera ni wọ́n sọ̀rọ̀, tí àwọn tí kò kọ́ ọ sì gbà wọ́n gbọ́.

Èmi náà gbà wọ́n gbọ́, tàbí kí n sọ pé n kò ní ìgboyà láti má gbà wọ́n gbọ́. Ní àárín ọdún 2003, kí ìjọba Kánò tó dá ètò náà dúró, wọ́n kan ilẹ̀kùn wa. Àbíkẹ́yìn wa kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Mo ní kí ìyá rẹ̀ gbé e wọ yàrá, èmi sì jáde lọ sọ fún wọn pé kò sí ọmọdé nínú ilé. Ọmọbìnrin tí ó gbé kúlà oògùn dání wò mí lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà?” Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri wa, ó sì lọ.

Mo retí pé yóò sọ fún àwọn yòókù. Bóyá ó sọ, bóyá kò sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, mo sì rí i pé ọkàn tèmi kọ́ ni ó dá ṣe méjì. Bí ìdánwò bá dé, wọ́n á kọ ọ́ láìṣì: oògùn wo ni a ń gbà lọ́jọ́ ìbí, èwo ni a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé òtútù kúlà kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n 8 kò sì gbọdọ̀ dín sí 2. Wọ́n á gba máàkì. Àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n bá padà sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kán an fún àbúrò tiwọn. Kò sí wákàtí kankan nínú tábìlì ẹ̀kọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ̀rù yín?” Olùkọ́ kò béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè sọ, nítorí ẹni tí ó bá sọ ọ́ á dà bí ẹni tí kò mọ ìwé.

Káàdì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tún wà níbẹ̀. Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá rìn. Abẹ́rẹ́ tí ó gún aláìsàn, bí ó bá ṣèèṣì gún nọ́ọ̀sì, ó lè fi kó o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gba àjẹsára rẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù kan, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mú káàdì wá kí wọ́n tó wọ wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n owó àpò wọn ni wọ́n ń san. Mo gba káàdì tí òǹtẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ yíǹkì kan náà, ọwọ́ kan náà, tí ó ṣì ń rùn tuntun. Mo rí i. Mo fi í sínú fáìlì.

Oṣù keje 2004 ni ètò pólíò tún bẹ̀rẹ̀ ní Kánò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra oògùn láti Indonesia. Gómìnà Ibrahim Shekarau jẹ́ kí wọ́n kán an fún ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ní gbangba. Àwọn òṣèlú ní àléébù wọn, àmọ́ n kò ní gbàgbé èyí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni a gbé àbíkẹ́yìn wa lọ. Ó ti pẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Kòkòrò pólíò láti apá Òkè-Ọya ti rìn dé Sudan, Yemen àti Indonesia gan-an. Ní 2006, àwọn tí pólíò rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà ju 1,100 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí ọjà Sabon Gari, ẹ ti rí àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọ́ ara lórí pátákó oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n ti di géńdé báyìí. Ní oṣù kejì 2013, wọ́n yìnbọn pa obìnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìlú yìí kan náà. Iṣẹ́ náà kò dúró, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò pólíò ti inú igbó, bí wọ́n ti ń pè é, ti tán ní Nàìjíríà àti ní gbogbo Áfíríkà.

Àbíkẹ́yìn tí mo ní kí ìyá rẹ̀ gbé wọ yàrá ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ní oṣù kẹta 2021, abẹ́rẹ́ kòrónà dé Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún. Mo pè é lórí fóònù pé ṣé ó ti gbà á. Ó ní òun kò ní í gbà á. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù ti dá a dúró nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì, àti pé wọ́n ń sọ ní họ́sítẹ̀lì wọn pé kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ. Ọ̀rọ̀ ọdún 2003 ni, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, àrùn nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Mo ní ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò máa sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí? Ó dákẹ́ títí mo fi sọ tán, ó wá ní, “Dádì, ẹ má bínú o. Mọ́mì sọ fún mi pé ẹ ní kí àwọn gbé mi pamọ́ nígbà tí wọ́n mú oògùn pólíò wá. Ẹ̀rí wo ni ẹ ní nígbà náà?”

N kò ní ẹ̀rí kankan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo sọ fún un nípa ọmọbìnrin tí ó gbé kúlà, mo sì sọ nípa Maalin. Kò sọ pé òun yóò gbà á. Ó ṣáà ní òun ti gbọ́.

Mátírọ́ọ̀nù kan ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ni ó yanjú rẹ̀, kì í ṣe èmi. Obìnrin náà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò mú rẹ́jísítà wọlé, ó ní ẹni tí ó bá ní ìbéèrè kí ó béèrè, òun kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọmọ mi ní ó ju wákàtí méjì lọ. Lórí ẹ̀jẹ̀ dídì, kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, ó ní ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, ó sì kọ́ wọn ní àmì tí wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n bí ó bá ṣe ẹnikẹ́ni: orí fífọ́ tí kò lọ, ẹsẹ̀ wíwú, èémí tí kò já gaara. Lórí ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí, ó ní kò sí ẹ̀rí kankan. Ó sọ fún wọn pé òun ti gba ẹ̀ẹ̀mejì, ibà sì dá òun gúnlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ mi gbà á ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kò gbà á títí wọ́n fi jáde, nígbà tí ìjọba sì lọ ba abẹ́rẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ ní Àbújá ní oṣù kejìlá 2021 nítorí pé ọjọ́ ti lọ lórí wọn, àwọn méjèèjì ní àwọn ò ha ti sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, bíbà á jẹ́ ní gbangba yẹn sàn ju kí wọ́n fi pamọ́ lọ.

Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ jáde fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14. Ọmọ mi ti wà ní ọdún ìkẹyìn, wọ́n sì fi í sí ara àwọn tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé kan. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ dání, ó gbọ́ gbogbo àlàyé tán, ó wá bi ọmọ mi ní èdè Haúsá pé, “Ke fa?” Ìwọ ńkọ́?

Ọmọ mi ní òun ti dàgbà jù fún èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ yìí, òun kò tíì gbà á. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, gbà á lánàá, ọwọ́ òun ni òun sì fi gún un. Obìnrin náà ní kí ó jẹ́ kí òun rí fọ́tò ọmọ náà. Ó mú fóònù jáde, ó fi hàn án. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó ní òun máa lọ bá bàbá ọmọ òun sọ ọ́ ná. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó tẹ́ tábìlì, òun àti ọmọ náà ti jókòó sí abẹ́ igi.